Àtè Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Kọ̀: Bí Súpá Gúlù Ṣe Dé Ọwọ́ Àwọn Tó Ń Ṣe Ilé Àwòṣe

Ilé kíkọ́ kò ṣàjèjì ní Lokogoma, ní apá gúúsù Àbújá. Ẹ̀sìtéètì ló ti ẹ̀sìtéètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó balẹ̀, ayàwòrán-ilé lè ti kọ́ ilé náà tán lórí tábìlì, pẹ̀lú ògiri páálí àti fèrèsé ike tó mọ́ gaara. Bí ó bá ṣe é ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ilé tó ga ní mítà 9 yóò di ohun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 9. Iṣẹ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò gba ìṣó. Súpá gúlù ló ń bá wọn ṣe é.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí àtè yìí kò wá àtè rárá. Ní 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, Harry Coover, onímọ̀ kẹ́míkà ní iléeṣẹ́ Eastman Kodak ní Amẹ́ríkà, ń wá ike tó mọ́ gaara tí wọ́n lè fi ṣe ojú ìfojúsùn ìbọn. Cyanoacrylate, èròjà tí a fi ń ṣe súpá gúlù, wà lára ohun tí wọ́n dán wò. Ohunkóhun tó bá kàn ló ń lẹ̀ mọ́. Wọ́n ní wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n sì pa á tì.

Ní 1951, ní Kingsport, ìpínlẹ̀ Tennessee, Coover ló ń darí àwọn tó ń wá ike tó lè fara da ooru, èyí tí wọ́n fẹ́ fi bo ibi tí awakọ̀ bàálù ogun ń jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn, Fred Joyner, fi èròjà náà sáàárín gíláàsì méjì inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀. Gíláàsì méjèèjì lẹ̀ pọ̀, wọn ò sì ṣeé yà mọ́. Ẹ̀rọ olówó gọbọi nìyẹn. Ibẹ̀ ni Coover ti wá rí ohun tí kò rí ní 1942: èròjà yìí kò bèèrè ooru, kò bèèrè ìtẹ̀mọ́lẹ̀, síbẹ̀ ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ní 1958 ó dé ọjà pẹ̀lú orúkọ Eastman 910. Ní 2010, Ààrẹ Barack Obama fi àmì ẹ̀yẹ ìjọba dá Coover lọ́lá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú.

Ọ̀rinrin ló ń mú kí súpá gúlù dì. Omi táṣẹ́rẹ́ tó wà lára nǹkan àti nínú afẹ́fẹ́ ti tó o. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ará Lokogoma wo ojú ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ó lè pẹ́ kó tó mú. Ẹ lè mí sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ kí ẹ tó kán an sí i. Lásìkò òjò, yóò yára mú, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ lè fi àbàwọ́n funfun sára ike.

Súpá gúlù kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ṣàn dáadáa wà fún ibi tí igi tàbí páálí ti pàdé láìsí àlàfo: ẹ kọ́kọ́ kó wọn pọ̀, kí ẹ tó kán an sí ojú oríkèé, yóò wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tó ki ló dára níbi tí àlàfo wà, ó sì ń fún yín láyè díẹ̀ láti tún un tò kó tó dì. Ti jẹ́lì kì í ṣàn, ògiri tó dúró lóòró ló bá mu.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló gbà á. Ó ń jẹ fóòmù funfun, ó sì ń sọ fèrèsé ike di bàìbàì. Gúlù funfun tí káfíńtà ń lò ló sàn jù fún méjèèjì. Ẹni tó ń to bàálù oníke kékeré pọ̀ yóò rí i pé gúlù tó ń yọ́ ojú ike lágbára jù láàárín ike àti ike. Bí irin bá ti wọ̀ ọ́, súpá gúlù ni kó mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó rántí pé súpá gúlù lágbára bí a bá fà á, ṣùgbọ́n bí ohun tó lẹ̀ bá já bọ́ sílẹ̀, oríkèé lè ṣí.

Ẹ má fi òwú tàbí ìbọ̀wọ́ òwú nù ún, torí ó lè gbóná débi tí yóò fi jó ara. Ẹ ṣí fèrèsé. Bí ó bá lẹ ìka pọ̀, ẹ má fà á ya: omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti sùúrù ló ń tú u. Bí ó bá ta sí ojú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ má ra ìgò ńlá torí ó dínwó. Bí ẹ bá ti ṣí i, ọ̀rinrin á máa wọ inú rẹ̀ lọ, á sì gan kí ẹ tó lò ó dé ìdajì. Ìgò kékeré méjì, èyí tó ṣàn àti èyí tó ki, ti tó láti parí ilé àwòṣe kan.