Èpò Pompom ní Johannesburg

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bá ń fi Akíntọ́lá ṣépè nínú oko, kì í ṣe olóṣèlú nì ni ó ń bú. Èpò kan ni, tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí ó sì ń gba ilẹ̀ mọ́ ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́. Ìbátan èpò náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé, èyí tí ń dààmú Johannesburg, níbi tí èmi ń gbé ní àdúgbò Yeoville.

Pompom ni orúkọ rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni a sì ṣe gbìn ín sí ọgbà. Ẹran ọ̀sìn kì í fẹ́ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lé koríko ìbílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ "àjèjì" tí a fi ń pè é kò dùn létí àwa tí a ń pè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Jacaranda tí ìlú yìí fi ń yangàn, àjèjì ni. Òfin sì fi àwọn tí ó wà láàárín ìlú níhìn-ín sílẹ̀. Ìpalára ni kí a máa wò.

Ẹnìkan lè ní kí a kàn fà á tu. Rárá o! Gbòǹgbò rẹ̀ wú nínú ilẹ̀. Bí a bá fà á, a já, èyí tí ó kù a sì tún hù. Nígbà òtútù, igi rẹ̀ a kú, ẹni tí kò mọ̀ a sì máa yọ̀. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta ni ó ń tanná. Nígbà náà ni àwọn olùyọ̀ǹda ara, bí irú àwọn ti Melville Koppies, ń gé orí òdòdó kí ó tó gbó, tí wọ́n ń dì í sínú àpò kí afẹ́fẹ́ má baà gbé irúgbìn rẹ̀ lọ. Èyí kò pa á. Ó kàn ń dí i lọ́wọ́ àti bímọ ni. Oògùn apèpò ni ó ń pa gbòǹgbò, ẹni tí a sì kọ́ níṣẹ́ náà ni ó yẹ kí ó fín in.

Ní The Wilds, tí kò jìnnà sí wa, ìbẹ̀rù ọlọ́ṣà ti lé ènìyàn kúrò pẹ́, igbó sì bo ọ̀nà, kí ayàwòrán James Delaney tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣán an ní 2014. Àwọn mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ìlànà ìjọba fi pípa pompom lé onílẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni púpọ̀ nínú wa ní Yeoville; onílé lè má dé ibẹ̀ lọ́dún, àwa ni a ń rí òdòdó náà. Àwọn onímọ̀ ti mú kòkòrò kékeré kan wá láti Argentina láti máa bá a jà, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ ju ọ̀bẹ sílẹ̀.