Oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: Ta ni yóò sanwó, ìgbà wo ni yóò san án?

Ẹ̀yin olóúnjẹ, bí wọ́n bá ti wọlé ìwé lóṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin náà ń rí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé báàgì kọ́ èjìká fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá ń lọ sọ́jà, bàbá ń lọ síbi iṣẹ́, ọmọ kò sì ní padà sílé títí aago méjì ọ̀sán yóò fi lù. Láyé ìgbà kan, ọmọ yóò gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, yóò lọ bá ìyá onírẹsì lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ka owó, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ṣéńjì, olùkọ́ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó jáde ní géètì. Ẹnìkan ní láti gbé oúnjẹ wá bá a, ẹni náà sì lè jẹ́ ẹ̀yin.

Àwọn kan ń rí ṣe nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn mìíràn bá a wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, gbèsè ni wọ́n bá jáde. Kì í sábà jẹ́ pé ẹni tó jèrè mọ ọbẹ̀ sè ju ẹni tó jẹ gbèsè lọ. Ẹni tó ń sanwó ló fa ìyàtọ̀, àti ọjọ́ tó ń san án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ìjọba, nítorí òun ló tóbi jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ti kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2005, lásìkò Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, kí wọ́n fi dán an wò. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi jáwọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò jáwọ́ ní tirẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2012, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tó jẹ́ gómìnà nígbà náà tún ètò náà ṣe, wọ́n ń pè é ní O'Meals. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló rí iṣẹ́ oúnjẹ sísè níbẹ̀, àwọn tó ń sin adìẹ àti ẹja náà rí oníbàárà. Lọ́dún 2016, ìjọba Muhammadu Buhari gbé irú rẹ̀ dìde káàkiri Nàìjíríà fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. 70 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́, inú àkáǹtì olóúnjẹ ní báńkì ni wọ́n sì ń san án sí. Obìnrin tó jẹ́ pé ìdí ìró ló ń so owó ọjà mọ́ tẹ́lẹ̀ wá di oníbáńkì. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Àmọ́ ẹ wo 70 náírà yẹn dáadáa. Láti ọdún 2016 títí wọ 2022, kò kúrò lójú kan. Ìrẹsì ń wọ́n sí i, òróró ń wọ́n sí i, gáàsì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n máa sọ ọ́ di 100 náírà lọ́dún 2022, ẹni tó ra ẹyin lọ́jà lọ́dún náà mọ iye tó kù nínú 100 náírà lẹ́yìn ẹyin kan ṣoṣo. Olóúnjẹ kò láṣẹ láti fi kọ́bọ̀ lé e. Ohun tó kù tó lè ṣe ni kó gé ẹran kéré, kó pín ẹyin kan sí méjì, tàbí kó máa fi owó tirẹ̀ kún un. Èyí tó wù kó ṣe nínú rẹ̀, òun ni òbí yóò bú, wọn kò ní bú Àbújá.

Ìdádúró tún wà ńbẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa. Lọ́jọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n lè yẹ inú wọn wò, oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé sì wà lára wọn. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé táàmù kejì ni. Ẹ ro ti olóúnjẹ tó ti lọ gba àpò ìrẹsì láwìn sílẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn. Oníṣọ́ọ̀bù tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gbọ́ pé ìjọba ń yẹ nǹkan wò, owó rẹ̀ ni yóò béèrè.

A kò sọ pé kí ẹ má bá ìjọba ṣe o. Bí iṣẹ́ náà bá kàn yín, ẹ gbà á. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó jẹ́ iná ìjọba nìkan ni gbogbo ìkòkò yín wà lórí rẹ̀.

Ilé-ìwé aládàáni ló kù, èyí tó wà ní gbogbo àdúgbò. Níbẹ̀, ẹni méjì ló lè sanwó fún yín: onílé-ìwé tàbí òbí. Bí onílé-ìwé bá fi owó oúnjẹ mọ́ owó ilé-ìwé, tó gbà á pọ̀ lọ́wọ́ òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, tó wá ní òun yóò máa san tiyín lópin oṣù, ẹ mọ̀ pé ẹ ti di báńkì fún un, báńkì tí kì í gba èlé. Ẹ sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ fẹ́, ṣáájú. Owó tí ẹ bá gbà lọ́jọ́ Ẹtì ni kí ẹ fi ra ọjà ọjọ́ Ajé. Bí òbí fúnra wọn bá ń san án, bákan náà ni: ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan ṣáájú, kó má jẹ́ ojoojúmọ́.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí rèé. Ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹ fi iye ọjà àdúgbò yín rọ́pò tiwa. Ọmọ 50, ìrẹsì, ọbẹ̀ àti ẹyin ọjọ́ kan jẹ́ 20,000 náírà. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ yóò pín in, yóò bọ́ sí 400 náírà lórí ọmọ kan, wọn yóò gba 500, wọn yóò ní àwọn ti jèrè. Gáàsì ńkọ́? Ká pè é ní 2,500. Ọ̀kadà tó gbé kúlà lọ tó tún gbé e bọ̀, 1,500. Ọmọbìnrin tó ń bá yín fọ abọ́, 2,000. Omi àti ọṣẹ, 500. Àpapọ̀ rẹ̀ di 26,500. Ẹ pín in sí 50, 530 náírà ni. Ẹni tó ń gba 500 ń fi 30 náírà ta ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ, 1,500 lóòjọ́, kò sì tíì san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ọmọ kékeré tún ń ṣàìsàn, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kó ọ̀fìnkìn ran ara wọn. Bí ẹ bá se oúnjẹ ọmọ 50, tí ọmọ 40 péré wá, tó sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó, 20,000 náírà ló wọlé. Owó ọjà nìkan lẹ rí kó, 6,500 tó kù ti lọ. Bí wọ́n bá ti san án ṣáájú, àìwá ọmọ kò ba tiyín jẹ́.

Ẹ fi ṣíbí kan náà bu oúnjẹ fún gbogbo wọn, kì í ṣe ojú lásán. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í jẹ tó ti ọmọ ọdún mẹ́fà, èyí tó bá ṣẹ́kù lábọ́ owó yín ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn mìíràn kò ní jẹ rárá, ẹkún ni wọn yóò máa sun. Ẹ má tíì gbé oúnjẹ àjèjì síwájú wọn lásìkò yẹn. Àsáró tó rọ̀, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tí a tẹ̀, ìrẹsì tí ata rẹ̀ kò ta, ohun tí wọ́n ti ń jẹ nílé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú kéré, nítorí ọmọ kan tí oúnjẹ yín bá ṣe lọ́ṣẹ́ lè lé oníbàárà àdúgbò lọ pátápátá, yàtọ̀ sí ẹ̀mí ọmọ olọ́mọ tí kò ṣeé rà. Ẹ̀pà odindi kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há a lọ́fun. Ẹja tó kún fún egungun, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹ tó bù ú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan ohun tí ara ọmọ rẹ̀ kì í gbà, ẹyin ni o, ẹ̀pà ni o, ẹ kọ ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi ìdáná. Oúnjẹ tó ti jinná kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní tútù ju wákàtí méjì lọ; gbígbóná gidi ni kó wà nínú kúlà títí di àkókò jíjẹ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ aago méjìlá ni wọ́n ń jẹun, kò sí ìdí tí ìrẹsì yóò fi kúrò lórí iná láago méje àárọ̀. Ẹ mú àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara, kí ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀. Ìwé yẹn ni wolé-wolé yóò kọ́kọ́ béèrè, onílé-ìwé tó mọ ohun tó ń ṣe yóò béèrè rẹ̀ náà.

Ẹ kọ àdéhùn yín sínú ìwé, ì báà jẹ́ ojú ewé kan. Kí iye owó oúnjẹ, ọjọ́ ìsanwó àti iye ọmọ wà níbẹ̀, kó sì hàn pé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó jókòó tún iye náà wò. Ẹ̀kọ́ 70 náírà nìyẹn. Ìsinmi ńlá wà láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, kò sí ọmọ, kò sí owó, kí ẹ ti máa yọ ti àsìkò yẹn sọ́tọ̀ láti táàmù kìíní. Ẹ sì rí i pé ẹ ti gba gbèsè tó bá wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún, torí àwọn òbí kan á ti mú ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé mìíràn kí oṣù kẹsàn-án tó dé, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ẹ ó ti rí wọn.