Ìpèsè fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé-ìkàwé yunifásítì

Ìpèsè fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé-ìkàwé yunifásítì jẹ́ iṣẹ́ tí ilé-ìkàwé fi ń jẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wo fíìmù tí kọ́ọ̀sì wọn nílò lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, láìjẹ́ pé wọ́n yá kásẹ́ẹ̀tì tàbí díìsìkì DVD. Fíìmù náà sábà máa ń wà lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń pín in. Ohun tí ilé-ìkàwé ń sanwó fún ni àṣẹ láti wò ó fún iye àkókò kan. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí ti gba ipò díìsìkì nínú ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ó sì ti yí ìtumọ̀ níní fíìmù padà fún àwọn ilé-ìkàwé.

Láti orí díìsìkì sí orí íntánẹ́ẹ̀tì

Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì àti DVD, ilé-ìkàwé a ra fíìmù lẹ́ẹ̀kan, a sì di tirẹ̀. Abala 109 nínú òfin ẹ̀tọ́-àdàkọ Amẹ́ríkà gbà á láàyè láti yá àwọn ènìyàn ní ẹ̀dà tó rà. Abala 110 sì gba olùkọ́ láàyè láti fi odindi fíìmù hàn nínú kíláàsì tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti pàdé lójúkojú. Àwọn àǹfààní wọ̀nyí kò bá fíìmù dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin TEACH Act ti ọdún 2002 fàyè gba ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba apá kan nínú fíìmù eré ni ó gbà kí olùkọ́ fi hàn, kì í ṣe odindi rẹ̀. Fún kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́dọ̀ wo fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀nà tó dájú jù ni kí ilé-ìkàwé gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ní 2010, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ AIME àti ilé-iṣẹ́ Ambrose Video pe Yunifásítì Kalifọ́níà lẹ́jọ́, nítorí pé UCLA, ẹ̀ka rẹ̀ ní Los Angeles, ń da DVD tó rà kọ sórí ẹ̀rọ, ó sì ń fi wọ́n han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2011, ó sì tún dà á nù pátápátá ní 2012. Síbẹ̀, ààbò tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní lábẹ́ òfin àti ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ wà lára ohun tí ìdájọ́ náà dúró lé, nítorí náà kò di ohun tí gbogbo yunifásítì lè gbára lé.

Ọ̀nà tí a ń gbà sanwó

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni àsansílẹ̀: ilé-ìkàwé a san owó kan lọ́dọọdún fún àkójọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù, irú èyí tí Alexander Street ń tà. Iye fíìmù a pọ̀, ṣùgbọ́n olùpín lè yọ èyíkéyìí kúrò nínú rẹ̀.

Èkejì ni àṣẹ fún fíìmù kọ̀ọ̀kan, fún ọdún kan tàbí mẹ́ta. Ọ̀nà yìí ni a sábà fi ń rí fíìmù Hollywood, pàápàá láti ọwọ́ Swank.

Ẹ̀kẹta ni rírà tí wíwò ń fà. Kanopy, tí a dá sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2008, ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Gbogbo àkójọ a wà ní ṣíṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a bá wo fíìmù kan fún ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 30 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ilé-ìkàwé ti jẹ gbèsè àṣẹ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni rírà títí ayé, níbi tí ilé-ìkàwé ti ń gba ẹ̀dà fíìmù náà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwọn olùpín díẹ̀ ni wọ́n ń gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé

Kí sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ a fi orúkọ àwọn fíìmù tí yóò lò ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ a wá ẹni tó ní ẹ̀tọ́ orí wọn, a dúnàá-dúrà lórí iye owó, a sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù wà ní kíkọ sísàlẹ̀ àwòrán fún àwọn adití. Lẹ́yìn náà ni a óò fi ojú-ọ̀nà fíìmù sínú kátálọ́ọ̀gì àti ojú-ewé kọ́ọ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ a fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí yunifásítì fún un wọlé, kí ará ìta má baà lò ó.

Àwọn ìṣòro

Owó ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí àṣẹ ọdún kan fún fíìmù kan bá jẹ́ 150 dọ́là, tí olùkọ́ sì ń lò ó lọ́dọọdún, 1,500 dọ́là ni yóò ti lọ láàrin ọdún 10. Bí ilé-ìkàwé kò bá san ti ọdún kọkànlá, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Rírà tí wíwò ń fà tún ní ewu tirẹ̀: bí àwọn òǹwòran bá ṣe ń pọ̀ sí i ni gbèsè ń pọ̀ sí i. Nítorí owó ni àwọn ilé-ìkàwé ìlú mẹ́ta ní New York fi kọ Kanopy sílẹ̀ ní 2019.

Ìṣòro kejì ni àwọn fíìmù tí kò sí àṣẹ wọn fún títà. Netflix ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan dòwò pọ̀, kì í ṣe ilé-ìkàwé. Ó gbà kí ilé ẹ̀kọ́ fi díẹ̀ nínú àwọn fíìmù àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n fún ìyókù, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sanwó fúnra rẹ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn ilé-ìkàwé kan ṣì máa tọ́jú DVD wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kan fíìmù Yorùbá pẹ̀lú. California Newsreel pín Thunderbolt ti Túndé Kèlání fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, nípa bẹ́ẹ̀ ilé-ìkàwé mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ àṣẹ. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tó jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì kò ní irú olùpín bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ bá rí wọn lórí YouTube, wọ́n lè pòórá kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí, ilé-ìkàwé kò sì ní ẹ̀dà tí yóò fi rọ́pò wọn.