Ellison fẹ́ fi kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú gba ọjà lọ́wọ́ Bill Gates, àmọ́ ọ̀nà ò gba ibi tó fojú sí

Ọ̀rọ̀ tí Larry Ellison, ọ̀gá Oracle, sọ nílùú Paris lóṣù kẹsàn-án, ọdún 1995, kì í ṣe ohun tí Bill Gates máa gbọ́ kó rẹ́rìn-ín. Ojú gbogbo ayé ni ọkùnrin náà ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ ẹlẹ́yà ni PC táwọn èèyàn ń rà. Ó ti wọ́n jù, wàhálà ẹ̀ sì pọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà mí-ìn ń bọ̀ tí owó ẹ̀ ò ní ju dọ́là 500 lọ.

Kí wá ni àṣírí ẹ̀? Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ò ní díìsìkì nínú rárá. Kọ̀ǹpútà ńlá kan níbòmí-ìn ló ń bá a tọ́jú gbogbo iṣẹ́, wáyà ló sì ń gbé e wá bá a. Ọgbọ́n ọ̀hún kì í ṣe tuntun, kí ọdún 1990 tó dé ni Sun Microsystems ti ń ta irú ẹ̀. Àmọ́ tọ̀tẹ̀ yìí le, nítorí ẹ̀rọ náà ò nílò Windows.

Lóṣù karùn-ún, ọdún 1996, Oracle, Sun, IBM, Apple àti Netscape fẹnu kò lórí bó ṣe máa rí. Gates náà ò káwọ́ gbera. Kọ́dún tó parí, Microsoft àti Intel ti kéde NetPC tiwọn.

Àṣé ibi tí wọn ò fojú sí ni wọ́n ti máa pa Ellison láyò. Owó PC já wálẹ̀! Lọ́dún 1997, Compaq ti ń ta odindi PC ní dọ́là 999. Ta ló tún máa ra aláìníkùn? Wáyà tẹlifóònù tọ́pọ̀ ilé fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn náà ń wọ́ bí ìgbín. Ellison tún gbìyànjú lọ́dún 2000, ó ta òmí-ìn ní dọ́là 199, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kógbá sílé lọ́dún 2003.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ, ọwọ́ ẹlòmí-ìn ló ti ṣẹ. Google gbé Chromebook jáde lọ́dún 2011, ọ̀dọ̀ Google ni iṣẹ́ ẹni tó ń lò ó sì ń gbé jù. Kódà, fóònù ọwọ́ yín yẹn, ọ̀pọ̀ fọ́tò tẹ́ ẹ rò pé inú ẹ̀ ló wà, ilé onílé ló wà. Ó dáa o, bí olè bá gbé fóònù, ẹrù ò bá a lọ. Àmọ́ ẹni tó kó gbogbo ẹrù sílé onílé, ọjọ́ tónílé bá tìlẹ̀kùn, ìta ló máa dúró sí. Ẹ yáa tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ara yín.