Ẹsẹ̀ Ni A Fi Ń Gun Òkè Ìdànrè

Inú wa a máa dùn nígbà tí a bá rí i pé àwọn ènìyàn wa ń ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun ìrọ̀rùn ni, ohun iyì sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ń fi ọkọ̀ náà ṣe láti oṣù dé oṣù. Bí kì í bá ṣe ibi iṣẹ́ ni a ń gbé e lọ, a jẹ́ pé ọjà ni. Bí kì í bá ṣe ọjà, a jẹ́ pé òkú àgbà kan ni a fẹ́ lọ sin, tàbí ìyàwó kan ni a fẹ́ lọ gbé. Kò sí ohun tó burú nínú gbogbo èyí. Ohun tí àwa ń béèrè ni pé, nínú ọdún kan gbáko, ìgbà mélòó ni ọlọ́kọ̀ ń yí orí ọkọ̀ rẹ̀ sí ibi tí yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa?

A kò fi ìbéèrè yìí bú ẹnikẹ́ni. Àwa gan-an tí a ń kọ̀wé yìí ti dúró níwájú pátákó rí, a ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, a sì ti dárúkọ Òkè Ìdànrè fún wọn bí ẹni tó mọ ibẹ̀ dáradára, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ wa kò kan ibẹ̀ rí. Ojú ara wa tì wá. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀nà pọ̀n láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwa mẹ́rin ni a wà nínú ọkọ̀ náà: àwa olóòtú, ẹni tó ni ọkọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń wà á, àti olùkọ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, èkejì sì jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣì ń kọ́ni. Ọlọ́kọ̀ wa mọ ìtọ́jú ọkọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wo omi, ó ti wo ọ́ìlì, ó ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ti rí i dájú pé sípéà àti jáàkì wà nínú bùútù. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé ipasẹ̀ wa, ẹ má ṣe fi èyí ṣe eré. Ọ̀nà jíjìn kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí a kúrò ní Ìbàdàn. A kọjá Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun. Ní Ìkirè, a ra dòdò Ìkirè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á lẹ́bàá títì, nítorí kò sí ẹni tí í kọjá ibẹ̀ tí í fi ọwọ́ òfo kọjá. A gba Gbọ̀ngán, a gba Ilé-Ifẹ̀, a dé Iléṣà. Láti Iléṣà lọ, ojú ilẹ̀ yí padà. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, igbó sì sún mọ́ ọ̀nà. A kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, a sọdá odò Ọ̀wẹnà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn kan já sínú kòtò, tí ó sì jò.

Bí a ti ń pààrọ̀ táyà, inú ọlọ́kọ̀ kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbà jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Baba mi àgbà fi orí ru kòkó rin ọ̀nà tó jìn ju èyí lọ. Kò sí táyà tó jò fún un.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa títí a fi kọjá Ìgbàrà-Òkè, tí a sì wọ Àkúrẹ́, tó ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀.

Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ. Oko kòkó ni ó pọ̀ ní agbègbè náà, nítorí Ìdànrè wà lára àwọn ìlú tí kòkó ti pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Lójijì ni òkè náà yọ sí wa. Ẹ má ṣe rò pé òkè erùpẹ̀ ni. Òkúta ni, òkúta ràgàjì-ràgàjì tó dìde láti inú igbó, tí ọyẹ́ wé mọ́ orí rẹ̀ bí láwàní. Òkè náà ga ní nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí àwọn tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá kọ́kọ́ rí i, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì ké pé, “Ìdán rè é!” Bí orúkọ ìlú náà ti ṣẹ̀ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Àwa tí a rí i lẹ́yìn wọn kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ní ẹsẹ̀ òkè ni ọlá ọkọ̀ ti parí. A san owó ìwọlé, a fi ọkọ̀ sí abẹ́ igi, afinimọ̀nà kan sì síwájú wa. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ ju 600 lọ, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí àárẹ̀ bá mú. Níbẹ̀ ni àwọn olùkọ́ méjèèjì ti dá ọgbọ́n kan: wọ́n ní àwọn yóò ka àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Nígbà tí a dé ibi ìsinmi kejì, ọlọ́kọ̀ wa, tí a ti ń pè ní ọ̀gá láti Ìbàdàn, ti bọ́ agbádá rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Afinimọ̀nà náà, ọmọ tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, sọ fún un pé, “Ẹ rọra o, ẹ̀yin bàbá. Òkè yìí kò mọ ọlọ́kọ̀.” Òótọ́ ni ó sọ. Òkè Ìdànrè kì í béèrè ipò ẹni. Olówó àti tálákà, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń gùn ún.

Nígbà tí a gun òkè dé ibi tó tẹ́jú, a rí i pé ìlú gidi ni ó wà lókè yìí rí, kì í ṣe ibi ìsápamọ́ lásán. A rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá ti Ìdànrè. A rí ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé agogo. Wọ́n fi ojú ẹsẹ̀ Agbóogun hàn wá lára òkúta, èyí tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn rere tí kò ní bá a mu. A rí ibojì àwọn tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni a dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìdànrè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Ilé alámọ̀ ni. Olùkọ́ àgbà wọ ibẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ bá wa ṣe ìṣirò kékeré kan. Ní January 17, 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta gbáko kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọmọ Ìdànrè ti ń kọ́ A, B, D lórí òkúta. Kò sí ọkọ̀ tó gbé ẹfun ìkọ̀wé dé ibẹ̀. Síléètì, ìwé, pákó, gbogbo rẹ̀, orí ènìyàn ni ó rù ú. Ẹni tó bá ní ìyà ń jẹ iṣẹ́ olùkọ́ lóde òní, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n kí ó lọ wo kíláàsì yẹn, yóò mọ̀ pé ìdílé àwọn akíkanjú ni òun ti jáde.

Kí ni ó wá sọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ di ahoro? Kì í ṣe ogun. Ní àkókò ogun, òkúta ni odi wọn, ọ̀tá kò sì lè gun un bí ó ti wù ú. Àlàáfíà àti ọ̀nà ni ó mú wọn sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù ogun kásẹ̀ nílẹ̀, tí oko kòkó wà nísàlẹ̀, tí ọjà wà nísàlẹ̀, tí ọ̀nà mọ́tò náà sì wà nísàlẹ̀, ta ni yóò máa ru omi àti ìkórè gun òkúta lójoojúmọ́? Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, títí tí wọ́n fi tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n wà títí di òní. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ̀ wá lákínyẹmí ara bí a ti dúró ní àgbàlá ààfin: ọ̀nà mọ́tò tó gbé wa wá wo ìlú yìí, irú rẹ̀ náà ni ó kó àwọn ará ìlú kúrò níbẹ̀.

A kò dá wọn lẹ́bi. Ìtẹ̀síwájú ni, àwa náà ì bá sì ti sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó lọ sí ilé tuntun kì í ju àpótí baba rẹ̀ nù. Àwọn ará Ìdànrè kò sì jù ú nù. Wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún wọn, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún àwọn tó sùn síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ nínú ọdún kò tó láti fi tọ́jú ilé alámọ̀. Òjò kì í dúró de ọjọ́ ọdún. Ẹrù náà wúwo ju ohun tí ìlú kan ṣoṣo lè dá gbé lọ.

Ní 2007, wọ́n kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé ìdúródè ti àjọ UNESCO, pẹ̀lú àwọn ibi mìíràn tí a fẹ́ kí gbogbo ayé kà sí ogún ìran ènìyàn. Sukur, tí òun náà wà lórí òkè ní apá àríwá ìlà-oòrùn, ti gba ipò yẹn ní 1999. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gbà á ní 2005. Inú wa dùn sí ìdúródè náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ ju wa lọ pé ọmọ tó fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kò tíì yege. Iṣẹ́ ni ó kù. Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé ewì kan jáde ní 1967 tó fi Ìdànrè ṣe orúkọ rẹ̀, àwọn ará òkè òkun sì ti ti ibẹ̀ gbọ́ orúkọ òkè wa. Ǹjẹ́ kì í ṣe ìtìjú bí àwọn àlejò bá mọ orúkọ náà, tí ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, ní ìrìn wákàtí kan péré, kò sì mọ ibẹ̀?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ní láti sọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtàn parí sí ojú pátákó. Ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òkúta a máa yọ̀ nígbà òjò. Kí wọ́n wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kí wọ́n gbé omi dání, kí ọmọ kankan má sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, àyè mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó wà nínú ọkọ̀ yín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fi àwọn ọmọ aládùúgbò kún un.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, a mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ń lu ìlù, tí ẹ sì ń jó, nígbà tí ẹni tó ń wá ìbò bá dé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ijó, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: kí ni ìwọ yóò ṣe sí òrùlé àti ògiri tó wà lórí òkè? Ta ni yóò tọ́jú wọn, owó wo ni wọn yóò sì máa ná sí i lọ́dọọdún? Bí ó bá ní òun ti dé ibẹ̀ rí, ẹ béèrè bóyá ó gun òkè ni, tàbí ó dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀. Orókún wa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni a wà nígbà tí olùkọ́ àgbà sọ iye àtẹ̀gùn tí òun kà. Olùkọ́ ọ̀dọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé tòun fi mọ́kànlá jù ú lọ. Àríyànjiyàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìdànrè, ó gba Àkúrẹ́ kọjá, kò sì parí títí a fi rí iná Ìbàdàn. Àwa kò dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n lọ bá wa kà á.