Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Ìlú Kékeré: Ìtàn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Kọ́ Ọ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ilé kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìjíròrò yìí, ilé tí ojú wa ti mọ́ débi pé a kì í kíyè sí i mọ́. Ilé náà ni ilé ìfìwéránṣẹ́, tí àwọn àgbà wa ń pè ní pósí-ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú orúkọ rẹ̀ wò. Fi, ìwé, rán, iṣẹ́: ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo. Ó hàn gbangba pé iṣẹ́ tí a rán ni ni Yorùbá ka lẹ́tà sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ jíjẹ́ kò rí bákan náà. Ẹni tí a rán ní iṣẹ́ ẹnu ní àyè láti tún ọ̀rọ̀ ṣe. Òwe wa tilẹ̀ gbà á níyànjú pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ti àrokò yàtọ̀. Ẹni tí ó gbé owó ẹyọ mẹ́fà lọ lè má mọ̀ pé ẹ̀fà náà ń sọ fún ẹni tí yóò gbà á pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí i. Ó gbé ọ̀rọ̀, kò gbọ́ ọ. Irú iṣẹ́ àìgbọ́ yìí ni ti lẹ́tà pẹ̀lú, òun ni a sì rí kà lára ògiri ilé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìtàn ilé náà kò gùn púpọ̀. Ní 1840 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ lo sítáǹpù alálẹ̀mọ́. Ní 1852 ni iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, nígbà tí ó sì di 1874, Èkó ti ní sítáǹpù tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó mọ ìwúlò rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá, lábẹ́ ìgbìmọ̀ Egba United Board of Management tí a dá sílẹ̀ ní 1865, tí G. W. Johnson jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, ṣètò ìfìwéránṣẹ́ tiwọn láti Abẹ́òkúta sí Èkó. Lẹ́yìn èyí ni ojú irin dé. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó. Ó gba ilẹ̀ Ọ̀tà kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, nígbà tí ó sì fi di 1901, ọkọ̀ ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń gbé èrò ni ó ń gbé àpò lẹ́tà, àwọn ìlú tí kò tóbi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́tà gbà láìpẹ́ ọjọ́.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ilé náà? Èyí tí ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní P.W.D. sábà máa ń kọ́ sí ìlú kékeré jẹ́ ilé ilẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, páànù ni òrùlé rẹ̀, etí òrùlé náà sì yọ síwájú gan-an kí òjò àti oòrùn má baà kan ògiri. Lábẹ́ etí òrùlé yìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, tí àwọn òpó gbé dúró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: nínú agbo-ilé Yorùbá, ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ni a ti ń parí ìjà. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n bí a bá wọlé, ọ̀ràn yí padà. Irin ni ó wà lójú fèrèsé. Kàǹtà gígùn pín yàrá sí méjì, ọ̀pá irin tàbí wáyà sì wà lórí rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ihò tí ọwọ́ gbà kọjá ni akọ̀wé àti oníbàárà fi ń bá ara wọn lò. Lẹ́yìn kàǹtà ni a ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ sítáǹpù, tí a ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ nílùú-nílùú. Kódà ihò tí a ń ti lẹ́tà sí lára ògiri ń gba ìwé wọlé, kò jẹ́ kí ọwọ́ fà á jáde. Àwọn àpótí kéékèèké alágàdágodo, tí ẹni tí ó háyà wọn ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, a sì máa kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí olówó rẹ̀ lè gba lẹ́tà bí a bá tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ńlá. Ilé kan náà ni ó ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn, tí ó sì pa ọ̀rọ̀ ènìyàn mọ́.

Ìlànà yìí bá ìṣòro kan pàdé: àwọn tí kò mọ̀wé kọ pọ̀. Ìdí nìyí tí akọ̀wé alágbàkọ fi ń gbé tábìlì rẹ̀ sí ìtòsí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ ń pè, akọ̀wé ń kọ. Gbèsè, àìsàn àti ọ̀ràn ìyàwó di ohun tí ẹnìkẹta gbọ́. Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1915 láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé pàṣẹ pé kí akọ̀wé ka ohun tí ó kọ sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí ó rán an, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Ọ̀gá ilé ìwé pẹ̀lú kó ipa tirẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará abúlé fi ń gba lẹ́tà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rí i pé ẹ̀ka ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ nígbà kan.

Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Ṣàngó Ọ̀tà, òṣìṣẹ́ sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Lẹ́tà àti pósítà ọ́dà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ní 1985 ìjọba pín iṣẹ́ P. and T. sí méjì: NIPOST gba lẹ́tà, NITEL gba tẹlifóònù. Láti 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká ti gbilẹ̀, èrò orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dín kù gidigidi.

Kí wá ni ó kù fún wa láti ṣe? Bí a bá wó irú ilé báyìí láìṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rí kan ti nù, ẹ̀rí pé àwọn ìlú wa fi irin àti símẹ́ǹtì kọ́ àṣírí pípamọ́ fún tálákà àti olówó. Nítorí náà, kí olùkọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí èyí tí ó wà nítòsí wọn. Kí wọ́n tọrọ ààyè, kí wọ́n wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán kàǹtà, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó ń bá wọn kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jíròrò lórí ìbéèrè yìí: nínú ìránṣẹ́ tí ó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe àti ìránṣẹ́ tí kò gbọ́ ọ rárá, èwo ni a lè fọkàn tán jù?