Ọjọ́ Ìsinmi láàárín Àwọn Adventist ní Gánà

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ keje ọ̀sẹ̀, èyí tí Òfin Mẹ́wàá pa láṣẹ pé kí a yà sí mímọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ Kristẹni ń pa mọ́ nítorí àjíǹde Jésù. Ṣùgbọ́n ìjọ Seventh-day Adventist ń pa Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì títí yóò fi wọ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, Francis Dolphijn gba ẹ̀kọ́ yìí ní 1888 láti inú ìwé tí ó kà. 1894 ni àwọn míṣọ́nárì ìjọ náà tó dé. Ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì pátápátá sí etí àwọn Akan: wọ́n a máa pe Ọlọ́run ní Onyame Kwame, Kwame sì ni orúkọ ọmọkùnrin tí a bí ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì ni làálàá pọ̀ sí. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti se oúnjẹ, a ti fọ aṣọ, a ti pa ìsọ̀ dé. Ìtọ́jú aláìsàn kò dúró, nítorí Jésù fúnra rẹ̀ wo aláìsàn sàn ní ọjọ́ náà.

Òkú sísin ló le jù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn Akan sábà máa ń ṣe ìsìnkú. Níbẹ̀ ni ẹbí ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń dáwó, tí wọ́n sì ti ń mọ ẹni tí kò wá. Nítorí náà, àwọn Adventist mìíràn a máa lọ kí àwọn ọlọ́fọ̀ ṣáájú tàbí ní Ọjọ́ Àìkú. Àwọn ẹbí kan gbà bẹ́ẹ̀; àwọn mìíràn kà á sí pé ọmọ àwọn ti kọ ilé sílẹ̀.